Ìwé àyẹ̀wò mẹ́ta, ẹnu mẹ́ta: ṣé Kòrónà ni àbí ibà?

Àdùkẹ́_Mókọ́lá · Ọjọ́ Ajé, 6:50 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn, oorun ò kùn mí láti òru àná.

Àbúrò mi ọkùnrin wọlé láti Èkó ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Ìnáwó kan ló bá wá sí Mọ́níyà. Gbogbo wa la jọ jẹun alẹ́ ní pálọ̀. Òun àti màmá wa ló jókòó sórí àga kan náà, tí wọ́n jọ ń wo tẹlifíṣọ̀n títí aago mẹ́wàá fi lù. Màmá ti pé ọdún 76. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà tó di alẹ́ Sátidé, ọ̀nà ọ̀fun bẹ̀rẹ̀ sí í dun àbúrò mi, orí ń fọ́ ọ, ara rẹ̀ gbóná. Mo ní ibà ni, torí ẹ̀fọn àdúgbò wa kò ṣe é fẹnu sọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, a lọ sí ilé àyẹ̀wò kékeré kan nítòsí. Wọ́n gún un níka, wọ́n ní ibà wà níbẹ̀, "plọ́ọ̀sì kan". Wọ́n tún ti ọ̀pá olówùú bọ imú rẹ̀ nítorí Kòrónà, wọ́n ní nẹ́gẹ́tíìfù. Ọkàn mi balẹ̀. A ò tíì jókòó nílé tí ẹni tí òun àti ẹ̀ jọ ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó fi pè é: èsì PCR tòun, àyẹ̀wò tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ ṣe, ti jáde, Kòrónà ni, kí àbúrò mi náà lọ yẹ ara rẹ̀ wò. Ni a bá tún sáré lọ sí ibòmíràn. Àwọn yẹn fa ẹ̀jẹ̀ lápá rẹ̀, wọ́n kọ "IgG pọ́sítíìfù" sínú ìwé, wọ́n ní Kòrónà wà lára rẹ̀.

Ìwé mẹ́ta ló wà lórí tábìlì báyìí, kálukú pẹ̀lú ohun tó ń sọ. Èwo ni kí n gbà gbọ́? Ṣé kí màmá ṣì máa sún mọ́ ọn? Wọ́n ń bínú pé mò ń ti ọmọ àwọn mọ́ inú yàrá bí ẹni tó jalè.

Ọmọ_Bẹẹrẹ · 7:15

Pẹ̀lẹ́ o, àǹtí. Ibà ni jàre. Wọ́n kúkú ti ní nẹ́gẹ́tíìfù. Ẹ ra oògùn ibà fún un, kẹ́ ẹ se àgbo dógóyárò sí i. Kòrónà ti kásẹ̀ nílẹ̀, àwọn òyìnbó gan-an ti kéde ẹ̀.

Aláyẹ̀wò_Yemẹtu · 8:05

Àǹtí Àdùkẹ́, ẹ kú ìdààmú. Kẹ́ ẹ tó ka ìyókù ọ̀rọ̀ mi, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí màmá wà ní yàrá ọ̀tọ̀, ẹ ṣí fèrèsé, kí àbúrò yín wọ ìbòmú nígbàkígbà tó bá jáde síta. Bínú tí màmá ń bínú ò ní pa wọ́n lára.

Inú ilé àyẹ̀wò ni mo ti ń jẹun láti ọjọ́ pípẹ́, mo sì wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí àjàkálẹ̀ náà dé ní 2020. Bí irú ìwé mẹ́ta yín ṣe máa ń dé ọwọ́ wa nìyẹn, tí ìyá á máa sunkún lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn ìwé yẹn ò bára wọn jà. Ìbéèrè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n dáhùn, kò sì sí èyí tó tíì dáhùn tiyín.

Ẹ jẹ́ ká mú èyí tí wọ́n fi ọ̀pá olówùú ṣe. Tí èsì bá ti jáde lójú ẹsẹ̀, ohun tó ń wá ni èròjà ara fáírọ́ọ̀sì náà fúnra rẹ̀. Bí àyẹ̀wò oyún tí àwọn obìnrin ń fi ìtọ̀ ṣe nílé ṣe ń ṣiṣẹ́ lòun náà ṣe ń ṣiṣẹ́: omi á gba inú pátákó pẹlẹbẹ yẹn kọjá, bí ohun tó ń wá bá pọ̀ tó níbẹ̀, ìlà á yọ. Bí kò bá tíì pọ̀ tó, ìlà ò ní yọ, kódà kí àìsàn náà ti wà lára. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí irú àyẹ̀wò yìí rí ó kéré tán 80 nínú 100 ẹni tó ní Kòrónà kí wọ́n tó lè lò ó. Ẹ wo 20 tó lè bọ́ níbẹ̀. Ara àbúrò yín bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná ní alẹ́ Sátidé, ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀ Àìkú. Ilẹ̀ kan péré ló ṣú, tó sì mọ́ sí i. Nẹ́gẹ́tíìfù irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, "mi ò tíì rí i" ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pọ́sítíìfù ló sọ fún ẹni tí ara rẹ̀ ń gbóná, tó sì ti jókòó ti ẹni tó ní in, ẹ gbà á gbọ́ láìṣiyèméjì.

Èyí tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ fún, ẹ bá mi gbé ìwé yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. IgG kì í wá fáírọ́ọ̀sì rárá. Ohun tí ara fi ń jà ló ń wá, ara kì í sì í pèsè rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ó tó ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta lẹ́yìn àìsàn kó tó hàn. Àpá ló ń rí, kò rí egbò. Ẹ bi àbúrò yín bóyá ó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára nígbà tí AstraZeneca wọ Nàìjíríà ní oṣù Kẹta 2021. Bó bá gbà á, tàbí bó bá ti ní Kòrónà rí láìmọ̀, IgG rẹ̀ lè jẹ́ pọ́sítíìfù lónìí, lọ́la àti lọ́dún tó ń bọ̀. Ó dùn mí pé wọ́n gba owó lọ́wọ́ yín fún un, tí wọ́n tún wá fi sọ pé Kòrónà wà lára rẹ̀ *báyìí*. Ìwé yẹn ò lè sọ bẹ́ẹ̀.

Ó ku ibà. Àgbàlagbà púpọ̀ nílẹ̀ wa ló ń gbé kòkòrò ibà kiri nínú ẹ̀jẹ̀, tí kò sì ṣe wọ́n ní nǹkan kan. "Plọ́ọ̀sì kan" yẹn lè jẹ́ òótọ́, Kòrónà náà sì lè jẹ́ òótọ́ nínú ara kan náà. Kó lo oògùn ibà rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, kó lò ó tán, kó má fi ìkankan sílẹ̀ nítorí pé ara fúyẹ́. Àmọ́ kẹ́ ẹ má torí ibà pa wíwá Kòrónà tì.

Ohun tí màá ṣe tó bá jẹ́ àbúrò mi ni: ẹ tún ti imú yẹn ṣe lọ́la, ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Wákàtí 48 lẹ́yìn ti àkọ́kọ́ nìyẹn. Bẹ́ ẹ bá lówó PCR, tí ẹ ò sì fẹ́ dúró, ẹ lè ṣe é lónìí.

Arákùnrin mi Ọmọ_Bẹẹrẹ, 5 oṣù Karùn-ún 2023 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé pàjáwìrì ti parí. Wọn ò sọ pé àìsàn náà ti kúrò láyé. Ó ṣì ń lọ ó ń bọ̀, àgbàlagbà tó ní ṣúgà ló sì ń bá fínra jù.

Ọmọ_Bẹẹrẹ · 8:20

Ó yé mi, sà. Ẹ má bínú, àǹtí. Èrò tèmi ni pé tí wọ́n bá ti rí ibà, ọ̀rọ̀ ti parí.

Bàbá_Fúnmi_Apẹtẹ · 9:32

Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá Yemẹtu. PCR yẹn ni mo fẹ́ bi yín lé lórí, torí ó ti fìyà jẹ mí rí. Ní 2021, ọmọbìnrin mi ń lọ sí Kánádà. Wọ́n ní PCR tí kò ju wákàtí 72 lọ ni kó mú dání. Ó ti ní Kòrónà tẹ́lẹ̀, ara rẹ̀ ti yá, ó ti ń jẹun, ó ti ń bá mi lọ sọ́jà Bódìjà. Ọjọ́ 24 lẹ́yìn tó kọ́kọ́ rẹ̀ ẹ́, PCR ṣì ní pọ́sítíìfù. Báyìí ni ọkọ̀ òfuurufú ṣe fò tí ọmọ ò sí níbẹ̀. Mo lọ bá àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò, mo fi ìbínú sọ̀rọ̀ sí wọn, mo ní ẹ̀rọ wọn ti bàjẹ́. Títí dòní mi ò mọ̀ bóyá mo jàre.

Ohun tó tún rú mi lójú ni pé nígbà tí Gómìnà Makinde ní in ní ìparí oṣù Kẹta 2020, ó kéde ní 6 oṣù Kẹrin pé èsì ẹ̀ẹ̀kejì tún ti jáde, kò sí mọ́. Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ! Kí ló dé tí ti ọmọ tèmi ṣe pẹ́ tó bẹ́ẹ̀?

Aláyẹ̀wò_Yemẹtu · 10:10

Bàbá Fúnmi, ẹ kú àfaradà o. Ẹ̀rọ wọn ò bàjẹ́.

Ẹ rò ó báyìí. Ẹ mú ojú ìwé kan lọ sí àwọn tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì ní Agbowó, ẹ ní kí wọ́n sọ ọ́ di 2, kí wọ́n sọ 2 yẹn di 4, kí 4 di 8. Bí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìgbà 30, ìwé ọwọ́ yín á ti lé ní bílíọ̀nù kan. Ohun tí PCR ń ṣe sí àwọn àmì ìdámọ̀ fáírọ́ọ̀sì nìyẹn: ẹ̀rọ á gbóná, á tutù, á tún gbóná, wọ́n á sì máa di ìlọ́po méjì. Nítorí náà, ìwọ̀nba díẹ̀ tí àyẹ̀wò tojú-ẹsẹ̀, ti ọ̀pá olówùú yẹn, ò lè rí, PCR á rí i. Òun ni ọ̀gá wọn tó bá di pé ká mọ̀ bóyá ó wà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yẹn ò mọ òkú yàtọ̀ sí alààyè. Ẹni tó ti kó kúrò nílé, tó fi àkísà méjì sílẹ̀ ní kọ̀rọ̀, PCR á rí àkísà yẹn, á ní onílé wà nílé. Lára ẹlòmíràn, ó lè pẹ́ tó ọjọ́ 90. Ara kò dọ́gba, ti Gómìnà tètè lọ, ti Fúnmi pẹ́. Ìdí nìyẹn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi yí òfin padà ní 27 oṣù Karùn-ún 2020. Tẹ́lẹ̀, ó di ìgbà tí èsì bá jáde ní nẹ́gẹ́tíìfù lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó dá ènìyàn sílẹ̀. Nígbà náà, wọ́n ní kí wọ́n máa ka ọjọ́: ọjọ́ 10 látìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ mẹ́ta ó kéré tán tí ara ò gbóná, tí ikọ́ ò sì sí. Ní oṣù Kìíní 2023, wọ́n yọ ọjọ́ mẹ́ta yẹn kúrò, ó ku ọjọ́ 10.

Torí náà, ẹni tó bá ti ní in láàárín oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, tí ara tún wá ń ṣe é, tojú-ẹsẹ̀ ni kó ṣe. Kó má gbé PCR síwájú.

Bàbá_Fúnmi_Apẹtẹ · 10:24

Ọdún mélòó ni mo ti fi ń bínú sí àwọn ọmọ ọlọ́mọ! Màá lọ bẹ̀ wọ́n. Ẹ ṣeun, ọ̀gá.

Ìyá_Ìbejì_Òjé · 12:41 ọ̀sán

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ìtọ́jú ara yín. Aṣọ òkè ni mò ń tà, mi ò mọ̀wé púpọ̀. Ọmọ mi ra páálí àyẹ̀wò Kòrónà ní kẹ́mísìtì kan wá fún mi ní ọjọ́sí, ó ní kí n máa ṣe é fúnra mi. Mo ṣe é, n kò rí ìlà kankan. Mo tún yẹ̀ ẹ́ wò lálẹ́, mo rí ìlà méjì. Ẹ̀rù bà mí, mo jù ú nù. Kí ni mo ṣì ṣe?

Nọ́ọ̀sì_Àpatà · 1:30 ọ̀sán

Ẹ kú ọjà o, màmá. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ẹ̀ bí mo ṣe ń ṣe é fún àwọn aláìsàn wa, torí ọwọ́ tá a fi ń ṣe é ló máa ń bà á jẹ́ jù.

Kẹ́ ẹ tó ya páálí, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá. Kẹ́ ẹ sì bi ẹni tó tà á níbi tó gbé e sí. Púpọ̀ nínú wọn ò gbọdọ̀ gbóná ju ìwọ̀n 30 lọ, bẹ́ẹ̀ oòrùn Ìbàdàn nínú oṣù Kejì àti Kẹta ti kọjá bẹ́ẹ̀ dáadáa. Èyí tí wọ́n kó sínú gíláàsì iwájú ṣọ́ọ̀bù tí oòrùn ń pa, tàbí tó sùn sínú mọ́tò, mi ò ní fi yẹ ẹnikẹ́ni wò.

Ẹ fọ ọwọ́, ẹ fun imú. Ẹ mú ọ̀pá náà níbi ìdí, ẹ má fọwọ́ kan òwú orí rẹ̀. Ẹ tì í wọ ihò imú kan bíi ìdajì ìka ọmọńdinrín, ẹ jẹ́ kó kan ògiri imú, ẹ wá yí i po lẹ́ẹ̀marùn-ún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ojú á ṣomi, sísín lè gbé yín. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ọ̀pá kan náà ni kẹ́ ẹ mú lọ sí ihò kejì. Àwọn tó bá fi kan ẹnu ihò nìkan, tí wọ́n yára fà á jáde torí pé ó ń rìn wọ́n, àwọn ni nẹ́gẹ́tíìfù irọ́ ń pọ̀ lọ́wọ́ wọn.

Ẹ rì í sínú ike omi kékeré yẹn, ẹ fi ìka fún ike náà mọ́ ọn lára bí ẹni ń fún ọsàn. Iye ẹ̀kán tí ìwé inú páálí ní kẹ́ ẹ kán sí pátákó pẹlẹbẹ náà ni kẹ́ ẹ kán, kò gbọdọ̀ lé, kò gbọdọ̀ dín. Ẹ tẹ́ ẹ sórí nǹkan tó gún régé, ẹ wo aago.

Lẹ́tà méjì ló wà lára rẹ̀. Ìlà tó wà níwájú C gbọ́dọ̀ yọ. Tí ti C ò bá yọ, àyẹ̀wò yẹn ti bàjẹ́, kò sọ bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Èyí tẹ́ ẹ rí lọ́sàn-án nìyẹn, màmá: ẹ ní kò sí ìlà kankan, ìyẹn ni pé omi tẹ́ ẹ kán sí i ò tó, tàbí páálí yẹn ò dáa. Tí C bá yọ, tí T náà yọ, Kòrónà wà níbẹ̀, bó ti wù kí ìlà T fẹ́lẹ́ tó. Mo ti rí èyí tó dà bí òjìji irun kan ṣoṣo, pọ́sítíìfù ni.

Èyí tí ìwé inú páálí bá sọ ni àkókò tẹ́ ẹ máa kà á, ìṣẹ́jú 15 ni ọ̀pọ̀ wọn. Tó bá ti kọjá 30, ẹ má wò ó mọ́. Omi tó bá gbẹ síbẹ̀ lè fa ìlà tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìlà méjì tẹ́ ẹ rí lálẹ́ ò já mọ́ nǹkan kan.

Ìyá_Ìbejì_Òjé · 1:52 ọ̀sán

Olúwa á bù kún yín. Gbogbo òru ọjọ́ yẹn ni mo fi gbàdúrà lórí ìlà méjì.

Awakọ̀_ÌwóRóòdù · 4:18 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀gbọ́n Yemẹtu, èmi ò ṣàìsàn o. Èrò kan ló ń wúkọ́ lẹ́yìn mi láti Berger dé Ìwó Road lánàá, ó sì sọ pé Kòrónà ni wọ́n bá lára ẹni tí wọ́n jọ ń gbé. Ìyàwó mi lóyún. Ṣé kí n lọ ṣe é lónìí?

Aláyẹ̀wò_Yemẹtu · 5:03 ìrọ̀lẹ́

Tó bá jẹ́ lónìí, owó yín lẹ fẹ́ jù nù. Bí fáírọ́ọ̀sì bá tiẹ̀ wọlé lánàá, kò tíì rí àyè bí síi nínú imú yín. Ẹni tí ara ò ṣe, tó kàn sún mọ́ ẹni tó ní in, kí ọjọ́ márùn-ún kọ́kọ́ pé. Ẹ ka ọjọ́ Àìkú sí òdo, ọjọ́ Ẹtì ni márùn-ún pé. Tojú-ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan fún ẹni tí ara rẹ̀ ò gbóná ò tó. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni, wákàtí 48 láàárín wọn: ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹ wọ ìbòmú nílé títí tí ẹ ó fi ṣe é tán, nítorí ìyàwó yín. Ṣùgbọ́n bí ara bá gbóná ṣáájú ọjọ́ Ẹtì, tàbí ọ̀fun ń dùn, ọjọ́ yẹn gan-an lẹ máa ṣe é.

Màmá Mókọ́lá náà nìyẹn, Àǹtí Àdùkẹ́. Ọjọ́ wo ni màmá jókòó ti àbúrò yín kẹ́yìn?

Àdùkẹ́_Mókọ́lá · 8:47 alẹ́

Àárọ̀ Àìkú ni, wọ́n jọ gbàdúrà kó tó di pé a jáde. Mo ti bi àbúrò mi, ó ní òun gba abẹ́rẹ́ méjèèjì ní 2021. Ìwé IgG yẹn, mo ti ká a sínú dúrọ́ọ̀.

Ẹ ṣeun o. Fún ìgbà àkọ́kọ́ lónìí, mo lè jẹun.

Aláyẹ̀wò_Yemẹtu · 9:10 alẹ́

Ọjọ́ Ẹtì, nígbà náà. Ti màmá, bí apá bá ká a, ẹ jẹ́ kó jẹ́ PCR. Wọ́n ń ṣe é ní ẹ̀ka ìmọ̀ fáírọ́ọ̀sì ti Yunifásítì Ìbàdàn ní UCH láti 2020, ẹ kọ́kọ́ bèèrè ọjọ́ tí wọ́n ń gba ènìyàn. Ẹ̀rọ GeneXpert tí wọ́n fi ń wá ikọ́ ẹ̀gbẹ náà lè ṣe é láàárín wákàtí kan, níbi tí wọ́n bá ti ní ike rẹ̀. Ẹ pe dókítà ṣúgà màmá láti ìsinsìnyí, kó ti mọ̀. Bí mímí bá le, bí àyà bá ń dùn wọ́n, bí ọ̀rọ̀ wọn bá dà rú, tàbí bí ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń kì bọ ìka bá sọ pé atẹ́gùn ti wálẹ̀ ju 94 lọ, ẹ má dúró de èsì kankan. Ẹ gbé wọn lọ.

Àdùkẹ́_Mókọ́lá · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:20 àárọ̀

A ti ṣe é. Èmi ni mo mú ọ̀pá, ẹsẹ̀ àlàyé Nọ́ọ̀sì ni mo tẹ̀ lé. C yọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ní ìṣẹ́jú kẹjọ, àbúrò mi ní òun ò rí nǹkan kan níwájú T. Mo gbé e lọ sẹ́nu fèrèsé. Ìlà kan wà níbẹ̀, àwọ̀ osùn tí wọ́n ti fi omi là. Nígbà tó fi máa pé ìṣẹ́jú 15, ó ti hàn dáadáa. Òun náà rí i, ó dákẹ́, ó wá ní kí n má sún mọ́ òun mọ́.

Mo sọ fún màmá. Wọn ò bínú mọ́.

Nọ́ọ̀sì_Àpatà · 9:41 àárọ̀

Pẹ̀lẹ́ o, àǹtí mi. Kó máa mu omi dáadáa, parasitamọ́ọ̀lù fún ara gbígbóná. Kó lo oògùn ibà tán gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe sọ. Kò nílò kó tún lọ ṣe PCR lé e lórí.

Awakọ̀_ÌwóRóòdù · Ọjọ́ Àìkú, 7:05 alẹ́

Ti ọjọ́ Ẹtì àti tòní, C nìkan ló yọ. Ó ku ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Màmá ń kọ́, àǹtí?

Àdùkẹ́_Mókọ́lá · Ọjọ́ Àìkú, 8:30 alẹ́

PCR tí màmá ṣe ní ọjọ́ Ẹtì jáde lánàá, kò sí níbẹ̀. Dókítà wọn ní ká tún fi tojú-ẹsẹ̀ wò wọ́n lónìí, mo ṣe é, C nìkan. Ó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ara àbúrò mi ò gbóná mọ́ láti ọjọ́bọ̀, ikọ́ ló kù, a ṣì ń ka ọjọ́ fún un. Láàárọ̀ yìí, màmá gbé àga síta sábẹ́ fèrèsé rẹ̀, wọ́n wọ ìbòmú, wọ́n jọ gbàdúrà láti ìta.